Johnny Winter àti àwọn àlejò rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwo orin Step Back

Bí mo bá ti fi àwo yìí sí i tí ọ̀rẹ́ kan wà nílé, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ta nìyí? Kí ló ń ké bí ẹni tó ń sunkún yẹn? Ṣé gìtá náà nìyẹn? Mo ti dáhùn wọn lẹ́nu títí, ó wá yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwo wo gan-an la ń sọ?

Step Back ni, àwo tí Johnny Winter, onígìtá ọmọ Texas ní Amẹ́ríkà, ṣe kẹ́yìn láyé rẹ̀. Ó jáde ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Orin 13 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tí Winter fúnra rẹ̀ kọ níbẹ̀. Orin àwọn àgbà ni gbogbo wọn, orin tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá fi ohùn ara rẹ̀ kọ lákọ̀tun. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní àlejò tirẹ̀. Ní ọdún 2011 ó ti ṣe irú rẹ̀ kan tó pè ní Roots. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọ̀kan, ẹ wá èkejì kún un.

Ta ni Johnny Winter?

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1944 ní Beaumont, Texas. Àfín ni. Edgar àbúrò rẹ̀ náà, àfín ni, olórin sì làwọn méjèèjì. Bàbá wọn ti fìgbà kan jẹ́ olórí ìlú Leland ní Mississippi, nínú ilẹ̀ òwú tí blues, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ti hù jáde, Johnny sì gbé níbẹ̀ díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀.

Nílé tiwa, ẹni òrìṣà là ń pe àfín. Ọbàtálá ló ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa náà kì í fi gbogbo ìgbà hùwà bí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ní Texas ayé ọjọ́un, kò sí òrìṣà tó máa gbèjà ọmọ tí irun rẹ̀ funfun báláú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa. Etí ló gbójú lé. Rédíò ló kọ́ ọ ní blues. Ní Beaumont, ní ilé iṣẹ́ rédíò KJET, adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Clarence Garlow, tóun náà jẹ́ olórin, máa ń fi orin sórí afẹ́fẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ náà ti gbọ́ blues àwọn ará oko. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù tó rà nígbà yẹn ni Step Back ti jáde wá ní ohun tó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn náà.

Kí ló dé tí àlejò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé kò lè dá a ṣe ni?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà ló sì ń dùn mí jù, nítorí àwọn èèyàn rò pé ẹni tó bá ti darúgbó ló ń wá gbajúmọ̀ ọ̀dọ́ tó máa tì í lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Ní 1962, B.B. King, gbajúmọ̀ onígìtá blues tó jẹ́ adúláwọ̀, wá ṣeré ní ilé ijó kan tí wọ́n ń pè ní The Raven ní Beaumont. Adúláwọ̀ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Johnny Winter, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, àti àwọn tó bá a wá nìkan ni òyìnbó níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n bẹ B.B. King kóun gun orí ìtàgé. King kò mọ̀ ọ́n rí. Ó béèrè káàdì ẹgbẹ́ àwọn olórin lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ náà mú un jáde, King sì gbé gìtá ara rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ rò ó wò: gìtá ẹni, lójú àwọn èrò tó jẹ́ tẹni, fún ọmọ àfín kan tẹ́nì kankan kò mọ̀! Nígbà tó ta á tán, gbogbo ilé dìde dúró fún un.

Ní oṣù Kejìlá 1968, ó tún ṣẹlẹ̀. Mike Bloomfield, onígìtá ọmọ Chicago, pè é jáde ní gbọ̀ngàn Fillmore East ní New York. Orin B.B. King ló kọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ará ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Columbia wà níjòókòó, kò sì pẹ́ tó fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn. $600,000 ni owó tí wọ́n sọ pé ó tìdí rẹ̀ jáde, owó tí wọn kì í sábà san fún ẹni tí ayé kò tíì mọ̀ nígbà yẹn.

Ọmọ tí wọ́n ti gbà lálejò lẹ́ẹ̀mejì ni, ó sì mọ oore. Nígbà tó kan Muddy Waters, àgbà olórin blues ní Chicago, òun náà ṣí ilẹ̀kùn. Baba ti kúrò ní ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Chess ní 1975, lẹ́yìn ohun tó ju ogún ọdún lọ. Winter mú un wá sí sitúdíò kan ní Westport, ní Connecticut, ní oṣù Kẹwàá 1976. James Cotton wá fọn hàmóníkà, Pinetop Perkins tẹ dùùrù, Winter ta gìtá, òun náà ló darí iṣẹ́. Gbogbo wọn jókòó sínú yàrá kan, wọ́n ṣe é bí ẹni ń ṣeré fún èrò. Bí ẹ bá gbọ́ orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, tí ẹnì kan ń pariwo lẹ́yìn bí ẹni tí ẹ̀mí gùn, Johnny Winter nìyẹn. Hard Again ni wọ́n pe àwo náà, ó jáde ní 1977, ó sì gba Grammy, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn olórin ní Amẹ́ríkà. Mẹ́rin ni wọ́n jọ ṣe títí di 1981, mẹ́ta nínú wọn ló gba Grammy. Muddy a sì máa pè é ní ọmọ òun.

Nítorí náà, nígbà tí Eric Clapton, gbajúmọ̀ onígìtá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn yòókù wá sí Step Back, ẹni tó ti gba àlejò rí ni wọ́n wá kí.

Kí ni "slide" tí wọ́n ń sọ pé ó ń ta?

Ọ̀nà kan láti ta gìtá ni. Dípò kí ìka tẹ okùn mọ́ ara igi, wọn á fi páìpù kékeré tàbí ọrùn ìgò bọ ìka kan, wọn á sì máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí okùn. Okùn kò ní kan igi rárá, ohùn yóò sì máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn láìjá.

Bí ẹ bá ti wo onígángan rí nígbà tó ń fún ọsán pọ̀ lábẹ́ abíyá, tí ohùn ìlù ń gun òkè láti dò lọ sí mí bí ẹni ń fa okùn, ẹ ti mọ ohun tí slide ń ṣe. Ọmọ Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un pé irin iṣẹ́ lè fọhùn. Blues ní ohùn kan tó wà láàárín méjì, kì í ṣe ti ayọ̀, kì í ṣe ti ìbànújẹ́. Dùùrù kò ní i, nítorí pé kò sí ibi títẹ̀ láàárín funfun àti dúdú rẹ̀. Slide rí i, torí ibi tó bá wù ú ló lè dúró sí.

Ní Mississippi, àwọn ọmọdé a máa kan wáyà tí wọ́n fi ń di ìgbálẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé, wọn á fi ìgò yọ̀ ọ́ lórí, wọn á máa fi ọwọ́ kejì ta á. Olórin W.C. Handy kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Tutwiler, ní nǹkan bí 1903, òun rí ọkùnrin adúláwọ̀ kan tó ń fi ọ̀bẹ yọ̀ lórí okùn gìtá. Láti apá mìíràn, àwọn ará Hawaii ti ń gbé gìtá lé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń fi irin yọ̀ ọ́ láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, orin wọn sì gba gbogbo Amẹ́ríkà kan.

Irú slide wo ni Winter ń lò?

Páìpù irin, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń gba wáyà kọjá. Ó ra ọ̀pá rẹ̀ gígùn kan ní Denver, ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìka ọmọńdinrín ló sì ń fi í bọ̀, kí ìka mẹ́ta tó kù lè ráyè tẹ okùn. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ó máa ń fi nǹkan bọ àtàǹpàkò rẹ̀ láti fi ta. Gìtá Gibson Firebird ló fi ń ṣe slide. Nígbà tó dàgbà, gìtá kékeré kan tí kò lórí, tí wọ́n ń pè ní Lazer, ló ń lò fún ìyókù.

Ṣé ó ṣòro láti kọ́?

Mo dán an wò. Púlọ́mbà àdúgbò wa fi ayùn irin gé páìpù kan fún mi, ó fi sáńpépà pa ẹnu rẹ̀ méjèèjì kó má baà gé mi lọ́wọ́. Mo gbé e lé okùn, mo ta á. Ohun tó jáde kì í ṣe blues rárá, ariwo ẹnu ọ̀nà tí kò rí epo ni.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo ń gbé páìpù sí ibi tí ìka ń dúró sí, lẹ́yìn ìlà irin tó wà lọ́rùn gìtá. Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Orí ìlà náà gan-an ni páìpù máa dúró, ní ògbagara; bó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, ohùn ti ya nìyẹn. Èkejì, mo ń tẹ̀ ẹ́ jù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ha ìlà irin ní "kẹ́kẹ́". Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, á máa gbọ̀n. Ẹ̀kẹta ló pẹ́ kí n tó mọ̀: ìka tó wà lẹ́yìn páìpù gbọ́dọ̀ máa fara kan okùn fẹ́rẹ́, kí ohùn tí ẹ kò fẹ́ lè kú sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é kí ìyàwó mi tó sọ pé, "Èyí dà bí orin díẹ̀."

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó yí okùn gìtá rẹ̀ sí D, A, D, F♯, A, D láti orí èyí tó nípọn jù. Bó bá ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìtẹ nǹkan kan, odindi kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tó bára mu lẹ́ẹ̀kan náà, ló máa gbọ́, páìpù kan ṣoṣo yóò sì máa gbé kọ́ọ̀dù náà kiri.

Ṣé irú ohùn yìí wà nínú orin tiwa?

Ó wà o! Ẹ tún gbé àwọn àwo King Sunny Adé ìgbà 1982 síwájú gbọ́. Irin tó ń yọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárín ìlù àti gìtá yẹn, gìtá onírin tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni, Demola Adepoju ló ń ta á. Ọwọ́ rẹ̀ yìí náà ni Paul Simon, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, wá lò nínú orin tó fi sọ àwo Graceland lórúkọ ní 1986. Ìmọ̀ kan náà ni, irin lórí okùn, ṣùgbọ́n ti Adepoju ń fò lókè bí ẹyẹ, ti Winter ń ha ilẹ̀. Mi ò ní sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ẹni tó ti fẹ́ràn ti Sunny kò ní pẹ́ kí etí rẹ̀ tó mọ́ ti Winter.

Àwọn wo làlejò náà, kí ni wọ́n sì ṣe?

Mi ò ní ka gbogbo wọn tán. Ben Harper, tóun fúnra rẹ̀ ń gbé gìtá lé ẹsẹ̀ fi irin yọ̀ ọ́, wà nínú orin Elmore James, ẹni tí gbogbo onísláìdì jẹ ní gbèsè. Clapton wà nínú orin tí Bobby Bland kọ rí, kò sì ṣe àṣejù. Ó fi àyè sílẹ̀ fún onílé. Brian Setzer bá a ta orin Gatemouth Brown tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, eré sísá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Billy Gibbons ti ẹgbẹ́ olórin ZZ Top, tóun náà jẹ́ ọmọ Texas, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Joe Perry ti ẹgbẹ́ Aerosmith, Leslie West, àti Jason Ricci tó fọn hàmóníkà.

Méjì ló wọ̀ mí lára jù. Joe Bonamassa ló wà nínú Sweet Sixteen, orin tí B.B. King sọ di olókìkí. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ ni mo máa ń rántí ilé ijó Raven yẹn. Ní 1962, Winter ni ọmọdé tó ń bá àgbà ta gìtá. Nínú orin yìí, òun ni àgbà.

Èkejì ni Dr. John, atẹdùùrù New Orleans, tó wà nínú Blue Monday, orin Fats Domino tó kẹ́yìn àwo. Òun àti Winter kì í ṣe àjèjì síra wọn, nítorí ó ti bá a ṣiṣẹ́ nínú àwo Third Degree ní 1986. Ẹ gbọ́ bí dùùrù yẹn ṣe ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀.

Ṣé òyìnbó tó ń kọ orin adúláwọ̀ kọ́ nìyí?

Òun ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, nítorí ọ̀pọ̀ òyìnbó ló ti kó owó nídìí orin yìí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ sì kú ní òtòṣì. Ohun tí mo fi ń wọn Winter ni ohun tó fi òkìkí rẹ̀ ṣe. Nígbà tó ní orúkọ, ó pe Willie Dixon àti Big Walter Horton, àgbà blues méjì tó jẹ́ adúláwọ̀, wá sínú àwo àkọ́kọ́ tó ṣe fún Columbia ní 1969. Nígbà tó ní agbára sí i, ó fi ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ fún Muddy. Ní 1988, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlá Blues Hall of Fame. Nínú àwọn olórin, òun ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Ní tèmi, ó jẹ́ ọmọ tó mọ ilé tó ti jẹun.

Ṣé òótọ́ ni pé oògùn olóró fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́?

Òótọ́ ni. Heroin mú un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó lọ gbàtọ́jú, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1973. Ṣùgbọ́n methadone, oògùn tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara rẹ̀ sì gbẹ dé egungun. Paul Nelson, onígìtá inú ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tún wá di alábòójútó rẹ̀, ló rọra ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́. Nelson yìí kan náà ló darí Roots àti Step Back. Láìsí i, mi ò rò pé à bá máa sọ̀rọ̀ àwo kankan níbí.

Ṣé lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n tò ó jọ?

Rárá. Ó ti ṣe é tán kó tó lọ. Ó ń ṣeré kiri Yúróòpù nígbà ikú rẹ̀, ó kú ní Switzerland ní ọjọ́ 16 oṣù Keje 2014, lẹ́ni ọdún 70. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àwo jáde. Ní oṣù Kejì 2015 ni Step Back gba Grammy fún àwo blues tó dára jù. Ó ti bá Muddy gba mẹ́ta. Èyí ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti orúkọ ara rẹ̀, kò sì sí láyé láti gbà á.

Bí orin kan ṣoṣo ni mo lè gbọ́, èwo ni?

Death Letter. Kò sí àlejò níbẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí báàsì. Bàbá kan ló jókòó pẹ̀lú gìtá onírin, irú èyí tí ilé iṣẹ́ National bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní àwọn ọdún 1920 kí ohùn gìtá lè dé ọ̀nà jíjìn láìlo iná. Ara rẹ̀ irin, inú rẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ tó ń gbé ohùn jáde, tó fi jẹ́ pé bí páìpù bá kan okùn, irin mẹ́ta ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Orin Son House ni, àgbà onígìtá slide ayé àtijọ́. Ọkùnrin kan gba lẹ́tà pé obìnrin tó fẹ́ràn ti kú, ó sì dìde láti lọ wò ó. Ní Mississippi, Son House yìí ni Muddy Waters ń wò lọ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ slide. Muddy ló wá di baba fún Winter. Winter wá kọ orin Son House ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, nínú àwo tí àlejò kún, ó sì jẹ́ kí gbogbo àlejò jókòó síta ná.

Ohùn rẹ̀ ti há níbẹ̀. Ẹ máa gbọ́ ọ níbi tí kò ti dé ibi tó ń lọ, tí gìtá sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ parí i. Ẹ fi nǹkan sétí, kí ẹ pa iná yàrá.

Lẹ́yìn èyí, kí ni kí n wá?

Ẹ wá Hard Again ti Muddy Waters, kí ẹ gbọ́ Winter nígbà tó ṣì lágbára. Ẹ wá èyí tí Son House fúnra rẹ̀ ṣe ní 1965, lẹ́yìn tí wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, ní 1964, nígbà tó ti pa gìtá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kọ Death Letter níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ ti Son House lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbọ́ ti Winter tẹ̀ lé e, kí ẹ má fi orin mìíràn sáàárín wọn.